Ilẹ̀kùn bíi ti abà níwájú ẹ̀rọ ìfọṣọ: kí ni yóò gbé e dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa wà ní kọ̀rọ̀ kan létí kíṣìnnì, nílé wa ní Ìbàdàn, kò sì sí àlejò tí kì í rí i. Ìyàwó mi fẹ́ kí á fi ilẹ̀kùn onípákó méjì bíi ti abà bò ó, irú èyí tí wọ́n ń wọ́ sọ́tùn-ún sósì lórí irin. Ẹnu ọ̀nà náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 140. Kí ló yẹ kí á sọ fún káfíńtà?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yẹ ògiri wò, kó tó ra pákó. Kí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 75, kó lè bo etí ọ̀nà dáadáa. Irin tí wọ́n máa rọ̀ sí yóò gùn ní mítà 3, ògiri sì gbọ́dọ̀ ṣófo ní sẹ̀ǹtímítà 80 lápá kọ̀ọ̀kan. Bí súìṣì iná bá wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn á máa bò ó.

Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni orígun irin yẹn méjèèjì. Líńtẹ̀lì orí ọ̀nà jẹ́ kọnkéré, ó lágbára, àmọ́ irin yìí gùn kọjá rẹ̀ bọ́ sórí búlọ́ọ̀kù tó ní ihò nínú. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ẹ bá ń lù ú: nínú kọnkéré, dírílì á máa jà, nínú búlọ́ọ̀kù, á ṣàdédé jìn wọlé. Súkúrù tí wọ́n bá kì síbẹ̀ kò rí nǹkan dì mú. Símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló máa kọ́kọ́ sán, ilẹ̀kùn á tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ kan pákó ìrókò tó nípọn ní ínǹṣì 2, tó fẹ̀ ní ínǹṣì 6, tó sì gùn ní mítà 3, mọ́ ògiri kẹ́ ẹ tó de irin mọ́ ọn. Láàárín, ẹ dè é mọ́ líńtẹ̀lì. Ní orígun méjèèjì, ẹ lu ògiri já, kí bóòtù yọ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi pẹlẹbẹ irin tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ há a níbẹ̀. Bí ẹ̀yìn ògiri kò bá ṣeé dé, kí búríkìlà la búlọ́ọ̀kù ibẹ̀, kó rọ kọnkéré sí i. Ẹ má rọ ilẹ̀kùn síbẹ̀ kí ó tó pé ọjọ́ 7, ó kéré tán.

Ní ti pákó, àfàrà ni kẹ́ ẹ béèrè ní Bódìjà. Ilẹ̀kùn kan tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3 máa wọ̀n tó kílò 26 kí wọ́n tó kan igi ìdábùú mọ́ ọn. Ti ìrókò ju 30 lọ. Arère fúyẹ́, àmọ́ kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Pákó tútù kò dára rárá: bí ọyẹ́ bá dé, á sún kì, á là. Ẹ fi àyè mìlímítà 3 sáàárín pákó àti pákó, nítorí òjò á tún mú un wú. Iwájú, ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kùn ní fáníìṣì bákan náà, torí ìhà tí ẹ kò bá kùn á mu omi, pákó á sì tẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 1.5 sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi irin kékeré tó ń dì í mú sísàlẹ̀, kó má baà máa fì. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà fẹ́ àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 10 fún ọ́ọ̀sì. Kí ẹnu ẹ̀rọ omi tí ẹ fi ń tì í pa wà níbi tí ọwọ́ lè tètè tó lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ́ ilẹ̀kùn kan péré.