Ẹ Bi Wá: Fíìmù Advent Children àti Géèmù Tó Bí I

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin, tí ó máa ń gbá géèmù títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú, ló gbé fíìmù ilẹ̀ Jàpáànù kan wá sílé, Final Fantasy VII: Advent Children, ó sì ní kí n jókòó kí n wò ó. Ìjà inú rẹ̀ dùn ún wò, àwòrán rẹ̀ sì ń dán, ṣùgbọ́n n kò mọ orí ìtàn náà, n kò mọ ìdí rẹ̀. Níbi tí àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín, ńṣe ni mò ń wo ojú rẹ̀. Ṣé èmi ni n kò fọkàn sí i ni, àbí fíìmù náà ló ní àléébù? Ó tún sọ pé ẹ̀dà kejì wà tí ó gùn ju èyí lọ. Èwo ni kí n wò?
Òǹkàwé yín, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, nítorí pé àwọn tó ṣe fíìmù náà kò fi ète wọn pamọ́ rárá: ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú àwòrán ní ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé àwọn tó ti fẹ́ràn ayé yìí tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti bá àwọn ọ̀rẹ́ inú rẹ̀ rìn, ni àwọn ṣe é fún. Ẹ̀yin kò sí lára àwọn tí wọ́n pè.

Ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ Square gbé géèmù Final Fantasy VII, tí fíìmù yìí ń bá ìtàn rẹ̀ lọ, jáde fún ẹ̀rọ PlayStation. Díìsìkì mẹ́ta ni ó gbà, ẹni tó bá sì fẹ́ gbá a dé òpin yóò lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí pẹ̀lú Cloud, ọmọ ogun tí ó ń gbé idà gbàǹgbà kiri, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárín ìrìn àjò yìí ni Sephiroth, ọ̀tá wọn, ti pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Aerith, ẹni tí ó máa ń tọ́jú òdòdó nínú ṣọ́ọ̀ṣì àlàpà kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbá géèmù náà nígbà náà kò gbàgbé ikú yẹn títí di òní. Ọdún méjì lẹ́yìn òpin géèmù ni ìtàn fíìmù náà bẹ̀rẹ̀: àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Geostigma ń mú àwọn ọmọdé, Cloud fúnra rẹ̀ ti kó o, ó sì ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí tí ó fi ń bínú sí ara rẹ̀, tí ó sì ń padà sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, fíìmù náà kò jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ó gbà pé ẹ ti mọ̀ ọ́n, ó sì gbà pé bí obìnrin kan bá fẹ̀yìn ti Cloud láàárín òdòdó, láìjẹ́ pé a rí ojú rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé Aerith ni.

Ní ti ẹ̀rín àbúrò yín, mo fura sí ibi tó ti rín in. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà ni Tifa, ọ̀rẹ́ Cloud láti kékeré, ti bá Loz, ọ̀kan lára àwọn ọ̀tá inú fíìmù náà, wọ̀jà, tí ó sì gbé e jù débi pé ó dà bíi pé ìjà ti parí. Lójijì ni fóònù dún. Orin tí ó ń kọ ni orin ìṣẹ́gun tí géèmù náà máa ń kọ lẹ́yìn ìjà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá borí. Ẹni tó ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà yóò rò pé Tifa ti borí lóòótọ́, kí Loz tó dìde láti gbé fóònù rẹ̀. Ẹni tí kò gbá géèmù náà rí kò ní gbọ́ ju pé fóònù kan dún.

Lójú tèmi, fíìmù kan tí ó ṣáájú ni ó kọ́ wọn lọ́gbọ́n láti ṣe fíìmù fún àwọn tó ti mọ géèmù náà. Lọ́dún 2001, Hironobu Sakaguchi, ẹni tí ó dá ọ̀wọ́ géèmù Final Fantasy sílẹ̀, darí Final Fantasy: The Spirits Within ní ibùdó ìṣefíìmù kan tí Square dá sílẹ̀ ní Honolulu ní Hawaii. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 137 dọ́là ni wọ́n ná sórí rẹ̀. Irun Aki Ross, akọni obìnrin inú rẹ̀, nìkan tó bíi 60,000 fọ́nrán. Wọ́n ṣe é kí ẹni tí kò mọ géèmù kankan lè wò ó, nítorí náà orúkọ géèmù nìkan ni wọ́n lò, wọn kò mú ẹnikẹ́ni nínú àwọn akọni tí àwọn ènìyàn ti mọ̀. Owó tí ó pa ní sinimá kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 85 dọ́là lọ, ibùdó náà sì kógbá wọlé. Nígbà tí ó kan Advent Children, ọwọ́ àwọn tó ṣe géèmù 1997 gan-an ni wọ́n fà á lé: Tetsuya Nomura, tí ó ya àwọn akọni náà, ni olùdarí, Kazushige Nojima kọ ìtàn rẹ̀, Nobuo Uematsu sì wà nídìí orin. Lẹ́yìn tí wọ́n fi hàn ní àjọ̀dún sinimá ti Venice ní Ítálì, wọ́n gbé e jáde lórí DVD ní Jàpáànù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, láì kọ́kọ́ gbé e káàkiri ilé sinimá.

Àléébù kò ṣàì sí níbẹ̀ o. Kámẹ́rà ń sáré jù nínú ìjà, àwọn mìíràn tí wọ́n gbá géèmù náà tán pàápàá kò lè sọ ẹni tó gbá ta. Ìjà Cloud àti Sephiroth lókè àwọn ilé tí ń wó lulẹ̀ ni mo yọ sílẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti rí ohun tí géèmù 1997, tí ọwọ́ ènìyàn inú rẹ̀ dà bí búlọ́ọ̀kù, kò lágbára láti fi hàn.

Ní ti ẹ̀dà méjèèjì: ti ọdún 2005 gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú 101, ti ọdún 2009, Advent Children Complete, gba 126. Èyí tó gùn ni kí ẹ wò. Wọ́n fún Denzel, ọmọkùnrin aláìsàn tí ó ń gbé lọ́dọ̀ Cloud àti Tifa, ní àyè sí i níbẹ̀, nípasẹ̀ rẹ̀ sì ni àlejò fi lè mọ ohun tí àrùn náà ń ṣe fún ènìyàn. Kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n, ẹ ní kí àbúrò yín kọ́kọ́ sọ ìtàn Aerith fún yín, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì.