Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ibo Ló Yẹ Kí A Ti Dúró Lójú Ọ̀nà Bẹ̀nẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwa márùn-ún tí a jọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Mínnà, tí gbogbo wa sì ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá báyìí, fẹ́ fi ọkọ̀ kan rin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ nínú oṣù Kejìlá. Ẹnu wa kò kò. Ẹnì kan ní etíkun Kútọnu ti tó, ẹlòmíràn fẹ́ lọ wo kìnnìún nínú igbó Pendjari, èmi sì fẹ́ rí àwọn ìlú tí ó bá wa tan. Àwọn ibo ni ẹ̀yin fẹ́ràn láti dúró sí jù? Òǹkàwé yín, Kúbwà, Àbújá.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti rin ọ̀nà yìí. Lẹ́ẹ̀kíní, Kútọnu ni a kọ́kọ́ sáré lọ, a sì ń wo àwọn ìlú yòókù bí ẹni tí ó bá ìtàn ní ìdajì. Lẹ́ẹ̀kejì, Kétu ni a ti bẹ̀rẹ̀, ìlú kan sì ń túmọ̀ èyí tí ó tẹ̀ lé e fún wa. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí ẹ bá ṣe to àwọn ibùdó náà tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì ju iye wọn lọ. Ilẹ̀ náà kò tóbi: Nàìjíríà fẹ̀ jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ, ọ̀nà Kútọnu sí Àgbómẹ̀ kò sì tó ti Àbújá sí Lọ́kọ́ja.

Ẹ gba Ìdirókò wọlé, kí ẹ sì yà sí apá àríwá lọ sí Kétu. Ẹ béèrè Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí ó ṣẹ́kù lára odi ìlú náà. Ọ̀sán gangan ni a dé ibẹ̀, oòrùn ń ta, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri amọ̀ rẹ̀ lápá inú, ó tutù bí ara àmù. Bàbá kan tí ó jókòó sí ibòji bi wá pé, “Ọmọ ibo ni yín?” Ọ̀rẹ́ mi dáhùn pé ọmọ Ọ̀fà ni òun, bàbá náà sì ní kí a wá ibi jókòó sí ná, nítorí pé a kì í dúró lóòró kí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1886 ni ogun Dàhòmì, ìjọba àtijọ́ àwọn Fọn, fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn ọmọ Kétu tó padà wá tún ìlú wọn ṣe. Bàbá náà sọ ọ́ fún wa bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí Àgbómẹ̀, olú-ìlú Dàhòmì fúnra rẹ̀. Ààfin àwọn ọba ibẹ̀, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 1985, jẹ́ ilé amọ̀ tí wọ́n fi ère pẹlẹbẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́: ẹfọ̀n dúró fún Ọba Ghezo, kìnnìún fún Glèlè, ẹja ekurá fún Béhanzin. Ọmọ Yorùbá kò lè wo ẹfọ̀n yẹn kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀, torí pé Ghezo yìí ni ó kó ogun, tọkùnrin tobìnrin, lọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1851, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Inú mi kò dùn níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí ibi tí mo pẹ́ sí tó o. Ẹ béèrè ṣáájú irú apá tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún àlejò.

Ẹ wá gòkè lọ sí Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ láti sinmi. Ẹ̀yin tí ojú yín ti mọ́ Àpáta Zuma yóò fẹ́ràn àwọn àpáta tí ó yí Ṣábẹ̀ẹ́ ká, pàápàá ní ìdájí. Ẹ ra wàrà tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà pa láró pupa, kí ẹ dín in, kí ẹ sì fetí sí Yorùbá tí wọ́n ń sọ lọ́jà. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ẹ óò gbọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Abomey-Calavi lọ sí Ganvié, ìlú orí òpó nínú adágún Nokoué. Ìtàn àwọn Tofinu tí ń gbé ibẹ̀ sọ pé àwọn baba ńlá wọn sá wọ inú omi nítorí pé èèwọ̀ ni fún ọmọ ogun Dàhòmì láti jà níbẹ̀. Mo rí ìyá kan tí ó fi ọwọ́ kan di òpó ilé mú kí ọkọ̀ rẹ̀ má bàa sún, tí ó sì ń fi èkejì bu ìrẹsì fún oníbàárà tí ó na abọ́ jáde lójú fèrèsé. Ẹ wo àwọn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja gún sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú: ẹja á sá sí abẹ́ wọn, á sì máa pọ̀ sí i, kí wọ́n tó fi àwọ̀n yí i ká.

Ní Wídà, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ sí àárín ìlú. Ẹ fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin tí wọ́n fi ń kó àwọn ẹrú lọ sí etí òkun, títí dé Ẹnu-ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Lẹ́yìn èyí, alẹ́ kan tó ní Kútọnu. Àjàṣẹ́, tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, ni kí ẹ fi parí rẹ̀, níbi tí mọ́sálásí àwọn Àgùdà, àwọn tí ó ti Brazil padà wá, ti jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia lójú. Ẹ ó mọyì rẹ̀ gan-an bí ẹ bá ti Wídà dé ibẹ̀.

Ní ti Pendjari, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀ nísinsìnyí, nítorí pé àwọn agbébọn ti ń pa ènìyàn lágbègbè náà. Ìdí kan náà ni n kò fi fẹ́ kí ẹ gba Chikanda ní ìpínlẹ̀ Kwara, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó yá. Ẹ mú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dání. Ọ̀kan nínú wa gbàgbé tirẹ̀ sílé, ó sì ná wa ní wákàtí méjì gbáko ní ibodè. Ọkọ̀ yín náà gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card.

ÌBÉÈRÈ: Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, mo gbọ́ Yorùbá àti Hausa, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ Faransé rárá. Ǹjẹ́ mo lè rin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀? Òǹkàwé yín, Kàdúná.

ÌDÁHÙN: Ẹ lè rìn ín. Yorùbá yóò gbà yín ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdáàṣà àti Àjàṣẹ́, àti lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Àgbómẹ̀ àti Wídà ni ẹ ó ti nílò ògbufọ̀, nítorí pé Fọn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Bí Hausa bá sì ń wù yín í sọ, ẹ béèrè Zongo, àdúgbò àwọn Hausa, ní Kútọnu lọ́wọ́ ọlọ́kadà.