Líìfù ọmọ ti ń tán lọ, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n gbé ọmọ lọ sí krẹ́ṣì?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù Àfáà wa. Ọmọ mi ti ń lọ sí oṣù márùn-ún, líìfù tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́ ti fẹ́ tán, a sì ti rí krẹ́ṣì kan tí màá máa gbé e sí láàárọ̀. Ìyá ọkọ mi ní Ọlọ́hun máa bi mí nípa ọmú tí mo fẹ́ já lẹ́nu ọmọ, pé ọdún méjì ni Àlùkùráánì sọ. Ọkọ mi ò kọ̀ o, àmọ́ ó ní èmi ni kí n máa san owó krẹ́ṣì torí pé èmi ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́. Mo tún fẹ́ máa fún omi ọmú sínú fídà kí wọ́n máa fún un mu tí mi ò bá sí níbẹ̀, ṣé kò sí nǹkan kan? Ṣé kì í ba àlùwàlá jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rí oorun sùn mọ́.

ÌDÁHÙN: Wàálékúmù sàlámù wa ráhmátúlláhì wa bàrákátúhù. Arábìnrin mi, ó ti pẹ́ díẹ̀ àmọ́ ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́hun á wò ó, á dá a sí fún yín.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ màmá bẹ̀rẹ̀ torí ọ̀rọ̀ wọn ló gba oorun lójú yín. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé ọdún méjì wà nínú Àlùkùráánì, Súrà Bàkárà ààyà 233 ni, àmọ́ ààyà yẹn gùn, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà tí wọ́n á fi pa Kùránì dé. Ọlọ́hun ní kí àwọn ìyá fún ọmọ wọn lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, lójú ẹsẹ̀ Ó fi kún un pé fún ẹni tó bá fẹ́ kó pé ni. Ó wá ní oúnjẹ àti aṣọ wọn wà lọ́rùn bàbá ọmọ. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ ni ìyá lára torí ọmọ ẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ ni bàbá náà lára torí ọmọ ẹ̀. Ó ní tí àwọn méjèèjì bá jọ sọ ọ́, tí wọ́n sì fẹnu kò láti já ọmọ lẹ́nu ọmú kó tó pé ọdún méjì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn wọn. Ó tún wá ní tí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ fún ẹlòmíì kó máa fún un lọ́mú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ náà, kí ẹ ṣáà ti san owó ẹ̀ fún un bó ṣe yẹ. Gbogbo èyí, inú ààyà kan ṣoṣo yẹn ni o. Ànábì wa fúnra ẹ̀ (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Thuwaybah fún un lọ́mú, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e fún Halimah, ọ̀dọ̀ ìyẹn ló sì ti kọ́ ìrìn, a ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Aminah pa ọmọ ẹ̀ tì.

Ká tiẹ̀ ní pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣebí ẹ ò já ọmọ lẹ́nu ọmú rárá. Omi tí ẹ ń fún sínú ìgò yẹn, ti ara yín náà ni, tí ẹ bá sì délé lálẹ́ á tún mu ún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé WHO náà ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, kó wá máa mu ún pọ̀ mọ́ oúnjẹ títí di ọdún 2 ó kéré tán, ẹ rí i pé ọ̀nà kan náà ni. Ẹ bèèrè níbi iṣẹ́ yín o, torí nínú àdéhùn tí àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé ILO ṣe ní ọdún 2000, ìyẹn nọ́ńbà 183, ó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n máa fún ìyá ọmọ láàyè lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú, kí wọ́n sì ka àkókò yẹn mọ́ àkókò iṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìjọba ló ti fọwọ́ sí i, àmọ́ ẹni tí ò bèèrè ò lè mọ̀. Ti màmá, ẹ má lọ máa ka ààyà fún wọn lójú o, ọkọ yín ni kó bá ìyá ẹ̀ sọ ọ́.

Owó krẹ́ṣì wàyí, ọkọ yín gan-an ni mo fẹ́ kó gbọ́ èyí. Ìnáwó ọmọ, ọrùn bàbá ló wà, oúnjẹ, aṣọ, àti owó ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ náà. Owó oṣù tiyín, tiyín ni, Súrà Nísáì ààyà 32 ní àwọn obìnrin ní ìpín nínú ohun tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Zaynab ìyàwó Abdullah ibn Mas'ud ń ná owó ẹ̀ lórí ọkọ àti àwọn ọmọ òrukàn tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀, ó wá bèèrè bóyá ìyẹn lè jẹ́ sàárà fún òun, Ànábì ní ẹ̀san méjì ló máa gbà, ẹ̀san ìbátan àti ẹ̀san sàárà, Bùhárì tó kó hádíìsì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) jọ ló gbà á wá. Ta ló ń san gbèsè tó jẹ tí wọ́n á pè é ní sàárà? Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ ti jọ ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀ pé tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ẹ máa dá sí ìnáwó ilé, ẹ mú àdéhùn yín ṣẹ, Mùsùlùmí kì í yẹ májẹ̀mú. Tí kò bá sí àdéhùn, kí bàbá ọmọ san án, tí ẹ bá wá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ kó jẹ́ pé inú yín ló dùn sí i. "Èmi ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́" tó sọ yẹn ò dáa létí mi rárá, ṣé tí owó yẹn bá wọlé kò ní jẹ níbẹ̀ ni?

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ fídà, àwọn èèyàn kì í sábà bèèrè ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló le jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí. Omi ọmú tí wọ́n fún sínú ìgò, tí ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì bá mu ún, lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn onímímọ̀, kò yàtọ̀ sí kó fẹnu mú ọmú náà. Àwọn onímímọ̀ bíi Ibn Hazm ni wọ́n ní àfi tó bá fẹnu ara ẹ̀ fà á. Iye ìgbà ni wọ́n wá yapa sí: àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà Ìmáámù Ṣáfíì àti Hánbálì ní ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún, wọ́n mú un látinú hádíìsì Àíṣà ìyàwó Ànábì, àmọ́ Ìmáámù Màlíkì àti Àbú Hànífà ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó, ì báà kéré.

Ẹ wá wo inú krẹ́ṣì. Ìgò kún inú fíríìjì, gbogbo ẹ̀ jọra, ọmọ méjì ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti rẹ olùtọ́jú, ó nawọ́ mú èyí tí ọwọ́ ẹ̀ bà. Tí omi ọmú obìnrin míì bá wọnú ọmọ yín báyìí, tó sì pé iye ìgbà tí a sọ yẹn, obìnrin yẹn ti di ìyá ẹ̀ nípa ọmú nìyẹn, ọkọ obìnrin náà ti di bàbá ẹ̀, gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ti di ọmọ ìyá ẹ̀ tí kò lè fẹ́, torí Ànábì ní ohun tí ẹ̀jẹ̀ sọ di èèwọ̀ ni ọmú náà ń sọ di èèwọ̀. Wọn ò ní jogún ara wọn o, àmọ́ ìgbéyàwó ò ní ṣeé ṣe láàárín wọn láé. Uqbah ibn al-Harith, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ti fẹ́yàwó tán kí obìnrin kan tó wá sọ pé òun ló fún Uqbah àti ìyàwó ẹ̀ lọ́mú ní kékeré, Uqbah ní òun ò mọ̀ nípa ẹ̀, ó gbéra láti Mẹ́kà ó di Mẹ̀dínà lọ́dọ̀ Ànábì, èsì tó gbà ò ju "báwo ló ṣe máa rí, nígbà tí wọ́n ti sọ ọ́?", ló bá fi ìyàwó sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìbànújẹ́ yẹn.

Torí náà, ẹ kọ orúkọ ọmọ àti orúkọ yín gàdàgbà sára ìgò kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ṣàlàyé ìdí ẹ̀ fún olùtọ́jú, pàápàá tí kì í bá ṣe Mùsùlùmí, torí yóò rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán ni. Tí àṣìṣe bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ọmọ, kò sí lọ́rùn yín. Ẹ gba orúkọ ìyá ọmọ kejì, ẹ bèèrè iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tí kò ti ní sọnù, kí tọ̀tún tòsì ìdílé méjèèjì mọ̀. Tó bá jẹ́ pé "bóyá" lásán ni, tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó ṣẹlẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, iyèméjì ò lè sọni di ìbátan. Mílíìkì inú agolo ò ní wàhálà kankan ní tiẹ̀, màlúù kì í di ìyá ẹni.

Krẹ́ṣì tí ẹ máa lò, Súrà Kásásì ààyà 26 ti sọ irú ẹni tó dáa jù láti gbà síṣẹ́, alágbára tó ṣeé fọkàn tán. Agbára ibẹ̀ ni pé kí ọmọ tó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú kan má pọ̀ jù ú lọ. Ìfọkàntán ibẹ̀ ni pé kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn fún yín nígbàkígbà tí ẹ bá yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ pe fóònù kí ẹ tó wá wo ọmọ yín, ẹ wá ibòmíì.

Ẹkún tí ẹ máa sun tí ẹ bá gbé e sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ sun ún jàre. Súrà kan náà yẹn ló sọ pé ọkàn ìyá Mùsá ṣófo nígbà tó gbé ọmọ ẹ̀ sílẹ̀, Ọlọ́hun ò sì bá a wí.

Àlùwàlá kẹ̀? Omi ọmú mọ́, kì í ba àlùwàlá jẹ́, tó bá kán sí aṣọ yín ẹ lè fi kírun. Ìtọ̀ ọmọ ni kò mọ́. Àwọn onímímọ̀ tó ń tẹ̀lé Ìmáámù Màlíkì ṣe é ní ìrọ̀rùn fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú tó bá ń gbìyànjú láti yẹra fún un, wọ́n ní èyí tó bá ta sí i lára láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n ti mójú kúrò níbẹ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ kó ní aṣọ kan lọ́tọ̀ fún ìrun. Nítorí náà ẹ fi híjáàbù gígùn kan sínú báàgì iṣẹ́ fún Àìlà àti Alásàrí, ó ti tán. Láàárọ̀ tí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ fún wọn, ẹ ka ohun tí Ànábì máa ń kà fún Hasan àti Husayn ọmọ ọmọ ẹ̀ sí i lára, àdúà ààbò kúrò lọ́wọ́ èṣù, ẹranko olóró àti ojú burúkú ni: U'iidhuka bi kalimaatillaahi t-taammah, min kulli shaytaanin wa haammah, wa min kulli 'aynin laammah. Tó bá jẹ́ obìnrin, U'iidhuki ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Wallaahu a'lam.