Ṣé kí n gba páálí fépù yìí sí ṣọ́ọ̀bù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Apòògùn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Odógúnyán, lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń gbà lọ sílé. Ọmọkùnrin tó máa ń já bisikíìtì àti mílíìkì fún mi gbé páálí fépù kan dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó rí bíi báírò, ó sì ń ta sánsán bíi máńgòrò. Mo ní mi ò kì í ta sìgá. Ó ní èyí kì í ṣe sìgá, pé kò sí òfin Nàìjíríà tó dè é, àti pé àwọn tó ń ṣe é ti ní òfin tiwọn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ara wọn. Ó fún mi ní ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ ọ́ sí: a kì í tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, a kì í polówó rẹ̀ fún ọmọdé, ojúlówó ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Èrè orí rẹ̀ ju ti bisikíìtì lọ fíìfíì. Ṣé kí n gbà á? Ṣé ìwé yẹn ṣeé gbọ́kàn lé, àbí ìjọba ló yẹ kó máa ṣọ́ irú nǹkan báyìí? Èmi Ìyá Ìbejì, Odógúnyán, Ìkòròdú.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó já páálí.

Ẹ má gbà á. Mo ti dáhùn ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìwé pélébé yẹn ló gba ìjókòó, torí ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú fépù náà wò. Bátìrì kékeré ló wà nínú rẹ̀, wáyà tó máa ń gbóná, àti omi. Omi yẹn jẹ́ gílísẹ́rínì àti propylene glycol, wọ́n fi adùn sí i, wọ́n sì fi níkótìnì sí i, ìyẹn ohun tó ń sọ sìgá di bárakú síni lára. Téèyàn bá fà á, wáyà á gbóná, omi á di ooru, ooru á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí pé ewé kankan ò jóná níbẹ̀, ọ̀dà dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró amusìgá ò sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èéfín olóró irú èyí tó ń tinú jẹnẹrétọ̀ jáde. Mi ò ní torí pé mi ò fẹ́ràn ẹ kí n wá purọ́ fún yín pé bákan náà ni òun àti sìgá. Àgbàlagbà tó ti ń fa odindi páálí sìgá lójúmọ́ láti ogún ọdún, tó wá fi sìgá sílẹ̀ pátápátá tó mú fépù, ewu tirẹ̀ dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tán. Àmọ́ ta ló ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yín kọjá ní aago méjì ọ̀sán? Ọmọ tí kò mu sìgá rí láyé ẹ̀ ni.

Ẹ wo ẹ̀yìn páálí yẹn dáadáa, bóyá ẹ ó rí 5% níbẹ̀. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kéré. Ohun tó túmọ̀ sí ni nǹkan bíi mílígíráàmù 50 níkótìnì nínú mílílítà omi kan ṣoṣo. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2014 ní kò gbọdọ̀ ju 20 lọ. Tó bá jẹ́ 5% ló wà lára tiyín, kò sẹ́ni tó lè tà á ní Jámánì tàbí ilẹ̀ Faransé láìrúfin. Wọ́n tún máa ń fi ásíìdì rọ níkótìnì yẹn kó má bàa ta ọ̀fun. Ikọ́ àhúùhútán tó máa ń mú ọmọ ju sìgá nù lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ fà á, kò ní hú u níbí. Máńgòrò ló máa gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ó yá, ìwé wa. Wọ́n ní "a kì í tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18." Ta ni "a" yẹn? Shenzhen ní Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú fépù ayé. Ẹni tó ṣe é níbẹ̀ ò ní fojú kan ọmọ Odógúnyán láéláé. Ẹni tó kó o wọlé náà ò ní rí i. Ọmọkùnrin tó gbé e wá bá yín, àgbàlagbà ló tà á fún. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa dúró níwájú ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù, tó na owó sí i, ni ẹ̀yin. Gbogbo òfin tí wọ́n ní àwọn fi ń ṣọ́ ara wọn, orí káńtà yín ló wá sọ ẹrù sí. Wọ́n fi yín ṣe ọlọ́pàá, wọ́n sì fi èrè ọjà náà ṣe owó oṣù yín. Ọlọ́pàá tó jẹ́ pé ìgbà tó bá mú olè ni owó oṣù rẹ̀ ń dín, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Mo ní kẹ́ ẹ ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ìyà tó máa jẹ ẹni tó bá rú u sí. Ẹ tún wo ẹni tó máa fìyà náà jẹ ẹ́.

Èmi náà ní ẹgbẹ́. Àwa apòògùn máa ń ṣe ìpàdé, a ní ìlànà wa, ẹni tó bá pẹ́ dé ń san owó ìtanràn, a sì máa ń bá ara wa wí gidi. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹgbẹ́ mi. Àmọ́ tí ọmọ kan bá wọlé lálẹ́ tó ní kí n ta tramadol fún òun láìsí ìwé dókítà, kì í ṣe ojú alága ẹgbẹ́ ni mo máa ń rántí. Pharmacy Council of Nigeria ni, torí wọ́n lè wá fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mi lọ́la, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ tí mo fi ń jẹun. Alága ẹgbẹ́ wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ kí n dìbò fún òun lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ẹ ò tiẹ̀ nílò kí n lọ jìnnà, ẹ rántí ọtí inú ọ̀rá. Lóṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn tó ń pọn ọtí tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú NAFDAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera àti FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, pé nígbà tí oṣù Kìíní ọdún 2024 bá fi máa parí, àwọn á ti dáwọ́ ẹ̀ dúró. Ọdún márùn-ún gbáko. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọjọ́ pé, NAFDAC ní òun fẹ́ mú un ṣẹ lóṣù Kejì, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá gbé pátákó jáde ní Èkó níbí pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Mi ò dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi, ọmọ ń jẹun nílé. Ìjọba sún un síwájú di ìparí ọdún 2025. Ní gbogbo ọdún tí àdéhùn yẹn fi wà nílẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọkọ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú, ṣé ọjọ́ kan wà tẹ́ ẹ ò rí ọtí ọ̀rá tó rọ̀ wálẹ̀ lára okùn bí aṣọ tí wọ́n sá?

Àwọn tó ń ta níkótìnì ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1954, àwọn oníléeṣẹ́ sìgá Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn tó lé ní 400, pé ìlera aráàlú jẹ àwọn lógún ju òwò lọ, pé àwọn fúnra wọn máa gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó máa ṣèwádìí bóyá sìgá ń pa èèyàn. Lọ́dún 2006 ni adájọ́ Gladys Kessler ní Washington dájọ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tan aráàlú jẹ. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó ju àádọ́ta ọdún lọ.

Ti fépù gangan wá dé. Fépù kan tó ń jẹ́ Juul ló gba ìgboro Amẹ́ríkà kan, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń mu ún nínú kíláàsì. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2018, iléeṣẹ́ náà kéde pé àwọn fúnra àwọn ti dá aládùn èso dúró ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn sì ti pa ojúlé àwọn rẹ́ lórí Facebook àti Instagram. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ báyẹn, ẹ ó ní ọmọlúàbí ni wọ́n. Ohun tí wọn ò fi ṣíwájú ọ̀rọ̀ ni pé ní oṣù Kẹsàn-án, FDA, tó jẹ́ bíi NAFDAC tiwọn, ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ márùn-ún pé òun fún wọn ní ọgọ́ta ọjọ́ láti sọ bí wọ́n ṣe máa gba fépù lọ́wọ́ ọmọdé. Ìyẹn ni pé ìjọba ti húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí onílé tó rántí gbálẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní yin ìjọba kọjá bó ṣe yẹ. Nígbà tí FDA náà wá ká adùn èso kúrò lọ́dún 2020, irú èyí tí wọ́n ń pààrọ̀ ojú rẹ̀ nìkan ló dè. Ó fi irú èyí tí wọ́n ń mu tán jù nù sílẹ̀, irú tiyín yìí. Kíá ni àwọn ọmọ kó lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé ọ̀kan tó lókìkí nínú ìyẹn kúrò lọ́jà, ó tún padà dé lọ́dún 2021 pẹ̀lú níkótìnì àtọwọ́dá tí kò wá látinú ewé tábà, ó ní òfin tábà ò kan òun mọ́. Ó di ọdún 2022 kí àwọn aṣòfin tó dí ihò yẹn. Àwọn ìlú kan ní kí wọ́n fòfin dè é pátápátá kó tán, bí Íńdíà ṣe ṣe lọ́dún 2019. Tiwa ńkọ́? Láti 2016 ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti ní ìrẹsì òkèèrè kò gbọdọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ẹ bi àwọn ará Bàdágírì léèrè bóyá Sèmè gbọ́. Ní Ọsirélíà, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ fún àwa apòògùn láti oṣù Keje 2024, pé ilé oògùn nìkan ni kó ti máa jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbẹ̀ pariwo. Èmi náà ì bá pariwo. Mi ò fẹ́ ẹ lórí sẹ́ẹ̀fù mi.

Síbẹ̀, láàárín òfin tó ń jò àti ìwé tí kò ní eyín, tó ń jò ni mo máa mú, torí ó ṣeé lẹ̀. FCCPC tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, lóṣù Kejìlá ọdún 2023 ló kéde pé iléeṣẹ́ sìgá British American Tobacco máa san 110 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn ìwà tó lòdì sófin. Mi ò tíì rí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo lè fi sílẹ̀ fún àwọn oníléeṣẹ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù wá lọ, bí bátìrì tí kò ní bú gbàmù ṣe yẹ kó rí. Kí ìjọba ṣáà máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ku èyí tí ọmọkùnrin yẹn sọ pé kò sí òfin. Ó sọ ìlàjì. Òfin ìdarí tábà ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2015, kò jẹ́ ká ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kò jẹ́ ká ta sìgá ní ẹyọ ẹyọ, kò sì jẹ́ ká polówó rẹ̀. Ohun tó pè ní tábà ni ohun tí wọ́n fi ewé tábà ṣe, yálà lódindi tàbí lápá kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ jáde: wọ́n ní omi ni tiwọn, kì í ṣe ewé. Àmọ́ látinú ewé tábà ni wọ́n ti ń fa níkótìnì inú ọ̀pọ̀ fépù jáde. Lọ́yà tó já fáfá lè jókòó sórí "lápá kan" yẹn ní kóòtù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹjọ́ yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ orí yín ni wọ́n á ti dán an wò. Tó bá dọ̀la, iléeṣẹ́ tó wà ní Ṣáínà ò ní wá sí kóòtù Ìkòròdú, ọmọkùnrin yẹn á ti pa fóònù. Ìyá Ìbejì nìkan ló ní ṣọ́ọ̀bù tó dúró sójú kan.

Tẹ́ ẹ bá ti gba páálí náà sílẹ̀ láwìn, ẹ dá a padà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti gbà á. Títí tó fi máa dé, ẹ má gbé e sínú oòrùn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, nítorí bátìrì ẹ̀. Ẹ gbé e sókè níbi tọ́wọ́ àwọn ìbejì ò ti lè tó o. Ọmọ ọdún kan kú ní New York lọ́dún 2014 nítorí omi níkótìnì tó gbé mì, ẹ̀yìn ìyẹn ni Amẹ́ríkà tó fòfin dè é pé ìdérí ìgò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọdé ò lè ṣí. Tí omi ẹ̀ bá ta sára ọmọ, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Tó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ẹ gbé e lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú fépù náà dání kí dókítà lè ka ohun tó wà lára rẹ̀.