Ǹjẹ́ Mùsùlùmí lè ta ayò màjọ́ǹgì?

ÌBÉÈRÈ

Àsàlàámù aléékúmù, Ààfáà wa. Ìlú Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà ni mò ń gbé, aṣọ ni mo ń rà ránṣẹ́ sí Èkó. Àwọn àgbà àdúgbò wa níbí máa ń ta ayò kan tí wọ́n ń pè ní màjọ́ǹgì lálaalẹ́, ìyá onílé mi ló sì kọ́ mi. Nígbà ọdún tuntun wọn, wọ́n ní kí n wá jókòó, mo sì bá wọn ta á. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi sí i, mo sì jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń lọ sí mọ́sáláṣí ní ayò òrìṣà ni, pé dírágọ́nì wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ní eré àwọn arúgbó lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ̀sìn sọ? Kí ni kí n sì ṣe sí owó tí mo jẹ?

ÌDÁHÙN

Wà aléékúmù sàláàmù wàráhmátúlláhì wàbàràkátúhù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Àbúrò mi, òfin kan wà tí àwọn onímímọ̀ fi ń kọ́ ọmọ kéwú: a kì í dájọ́ ohun tí a kò mọ bó ṣe rí. Àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé orúkọ ni ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́, tí kò wo ohun tí wọ́n kọ sára ọmọ ayò náà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó.

Èèyàn 4 ló ń ta màjọ́ǹgì, ọmọ ayò 144 ló sì sábà máa ń wà nínú àpótí rẹ̀. Ìran 3 ló kó 108 nínú wọn: olóbìrípo, ọlọ́parun, àti èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Ṣáínà sí lára. Ìran kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 9, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mẹ́rin. Ìyókù ni afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn, àríwá àti gúúsù, àwọn tí wọ́n ń pè ní dírágọ́nì, àti àwọn òdòdó pẹ̀lú àwọn ìgbà inú ọdún. Wọ́n á da ojú wọn dé, wọ́n á pò wọ́n pọ̀ títí ariwo rẹ̀ á fi gba ilé, wọ́n á tò wọ́n bí ògiri, oníkálùkù á sì mú 13. Láti ibẹ̀, bí o bá ti fa ọ̀kan, wàá ju ọ̀kan sílẹ̀, títí ẹnì kan á fi to ọ̀wọ́ mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà 4, pẹ̀lú méjì tó jọra. Ẹni yẹn ló jẹ.

Ayò náà kò pẹ́ láyé tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Àwọn kan á sọ pé Confucius, ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́, ló ṣe é. Irọ́ ọlọ́jà ni o, tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ fún òyìnbó nígbà tó gba ìgboro Amẹ́ríkà kan lẹ́yìn ọdún 1920. Ọ̀rúndún 19, lábẹ́ ìjọba Qing, ló jáde ní agbègbè Ningbo àti Shanghai, láti ara káàdì bébà tí wọ́n ti ń ta tẹ́lẹ̀. Owó ni wọ́n máa ń yà sára káàdì yẹn: ẹyọ owó bàbà, owó tí wọ́n fi okùn sín, àti owó ẹgbàárùn-ún. Àwọn ìran 3 tí mo kà sílẹ̀ lókè nìyẹn. Bí o bá wo olóbìrípo dáadáa, owó bàbà ni; ọlọ́parun yẹn, owó tí wọ́n sín sókùn ni.

Ní ti dírágọ́nì, ọkàn ọ̀rẹ́ rẹ lè balẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára èyí tó pupa ni «àárín», èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé ní ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ kí nǹkan rú gọ́gọ́, funfun sì sábà máa ń ṣófo. Àwọn tó ta ayò náà fún àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ló so orúkọ dírágọ́nì mọ́ wọn. Kò sí ẹni tó ń forí balẹ̀ fún un, kò sì sí ẹni tó ń fi rúbọ.

Ibi tí ìwà ẹbọ ti lè gbà wọlé, ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ayò yìí ló ní èèwọ̀ tí wọ́n ń pa mọ́: má fọwọ́ kan ẹni tó ń ta ayò léjìká, á gbé oríire rẹ̀ lọ, wọ àwọ̀lékè pupa, wàá jẹ. Bí ìwọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú èyí gbọ́, o ti kúrò níbi eré. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ nínú hadiisi tí Abu Dawud gbà wá pé gbígba àmì oríburúkú gbọ́, ẹbọ ni.

Ó wá ku owó. Ayò tó jẹ́ pé owó ni wọ́n yà sí i lára láti ìpilẹ̀, tẹ́tẹ́ kì í jìnnà sí i. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Al-Máídà, áyà 90 àti 91, pé ọtí, tẹ́tẹ́, òrìṣà àti ọfà ìyẹ̀wò jẹ́ ẹ̀gbin nínú iṣẹ́ Ṣàìtáánì. Ó ní Ṣàìtáánì fẹ́ fi ọtí àti tẹ́tẹ́ dá ọ̀tá àti ìkórira sílẹ̀ láàrin yín, kó sì ṣẹ́rí yín kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí. Áyà náà kò sọ iye. Má sọ fún mi pé owó táṣẹ́rẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń ka màjọ́ǹgì, ìlọ́po ni: bí ohun tí ẹni tó jẹ tò sílẹ̀ bá ṣe ṣọ̀wọ́n tó ni owó náà ṣe ń di ìlọ́po méjì, ó ń di mẹ́rin, ó ń di mẹ́jọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó táṣẹ́rẹ́ ti di owó ilé. «Ẹni tí wọ́n bá jẹ ni yóò san owó oúnjẹ» tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe, tẹ́tẹ́ náà ni.

Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, ti rí i. Hu Shi, ọ̀mọ̀wé wọn kan tó lókìkí, ka màjọ́ǹgì sí aburú ìkẹrin ilẹ̀ wọn, lẹ́yìn oògùn olóró opium, ẹsẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń dì kó má bàa tóbi, àti àròkọ ìdánwò ayé àtijọ́ tó ń fi ọpọlọ ṣòfò. Nígbà tí ìjọba Kọ́múnísìtì dé ní 1949, wọ́n fi òfin dè é nítorí tẹ́tẹ́. Ọdún 1998 ni àjọ eré ìdárayá ìjọba kan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òfin jáde fún un gẹ́gẹ́ bí eré ìdíje, láìsí owó nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ta láìfi owó sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé kò ṣeé ṣe, ó fẹ́ jẹ owó rẹ ni.

Èmi kò sì ní fojú tín-ín-rín ohun tó fà ọ́ lọ síbẹ̀. Ayò tí èèyàn 4 gbọ́dọ̀ kojú síra wọn kí wọ́n tó lè ta á, ó ń lé ìdánìkanwà. Ìdí nìyẹn tí ilé tíì ní Chengdu fi ń kún fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn obìnrin Júù ní New York fi dá ẹgbẹ́ màjọ́ǹgì tiwọn sílẹ̀ ní 1937, tí ẹgbẹ́ náà sì wà títí dòní. Àjèjì ni ọ́ nílùú onílùú. Ìyá onílé tó pè ọ́ sídìí tábìlì rẹ̀, inú rere ló ṣe sí ọ. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò kò kéré nínú ẹ̀sìn wa: Ànábì ní Jibril ń sọ ọ́ sí òun létí títí òun fi rò pé yóò fún un ní ìpín nínú ogún.

Bí a bá yọ owó kúrò ńkọ́? Ẹnu àwọn onímímọ̀ kò kò níbẹ̀. Hadiisi Muslim sọ pé ẹni tó ta nardashir, ayò àwọn ará Páṣíà àtijọ́, dà bí ẹni tó ti ọwọ́ bọ ẹran àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Dáìsì ni wọ́n fi ń ta nardashir yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Dáìsì wà nínú màjọ́ǹgì náà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀. Èrò àti ìṣọ́ra ló kù, pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ bá fà. Èyí mú un sún mọ́ chess. Imaamu Maliki, tí ìlànà rẹ̀ là ń tẹ̀lé nílé, kórìíra chess, ó ní kò sí oore nínú rẹ̀. Imaamu Shafi'i kà á sí ohun tí kò wuni, kò pè é ní haraamu, bí kò bá sí owó níbẹ̀ tí ìrun kò sì bọ́. Ohun tí ọkàn mi balẹ̀ sí ni pé kó má di àṣà fún ọ. Bí ìyá yẹn bá pè ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo yín gbà pé máàkì lásán lẹ ó kà, tí ọtí kò sí nítòsí, mi ò ní pè é ní haraamu. Ṣùgbọ́n bí agogo Mọ̀gàríbì bá kù díẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ ọwọ́ tuntun, nítorí àwọn mẹ́ta tó kù kò ní jẹ́ kí o dìde. Bí wọ́n bá ní ayò tí kò lówó kò dùn, sọ fún wọn pé ẹ̀sìn rẹ kò gbà á, bá wọn mu tíì díẹ̀, kí o sì máa lọ kí wọ́n tó gbé owó jáde. Á yé wọn ju bí o ṣe rò lọ. Àwọn Mùsùlùmí ti wà ní Guangzhou láti ayé àtijọ́, mọ́sáláṣí Huaisheng ń bẹ níbẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ àwọn Hui, Mùsùlùmí ọmọ Ṣáínà, níbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kọ̀ fún aládùúgbò láìbà á lọ́kàn jẹ́.

Owó tí o jẹ kì í ṣe tìrẹ. Tọrọ ìdáríjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kí o sì dá a padà fún ẹni tí o jẹ ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ojú bá ń tì ọ́ tàbí tó bá dà bí ìwọ̀sí lójú wọn, ra ọsàn tó tó iye owó náà, kí o gbé e lọ fún wọn. Ẹ̀bùn ọdún tí wọ́n mọ̀ ni, ẹ̀tọ́ wọn á sì ti dé ọwọ́ wọn. Àpòòwé pupa tí ìyá onílé fi owó sí fún ọ nítorí ọdún, bó bá fún ọ, ẹ̀bùn ni, má pò ó mọ́ owó ayò. Èyí tí o kò bá mọ ẹni tó ni ín mọ́, fi ta aláìní lọ́rẹ láìretí láádá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yọ sàárà díẹ̀ nínú owó ara rẹ, nítorí Ànábì ní ẹni tó bá sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé «wá ká ta tẹ́tẹ́», kó ṣe sàárà.

Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jùlọ.