Ọmọ oṣù 8 tí kò tíì rákò: ilẹ̀ lẹ gbé e sí

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, màámi. Ẹ ní ọmọ yín pé oṣù 8, kò rákò, tẹ́ ẹ bá fi àyà ẹ̀ lélẹ̀ ó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, ẹ wá ń béèrè eré tẹ́ ẹ lè bá a ṣe. Kí n tó débẹ̀: ṣé oṣù ẹ̀ pé kẹ́ ẹ tó bí i? Ẹ ò sọ. Ibẹ̀ gan-an lojú tèmi ti rí màbo.

Ọ̀sẹ̀ 33 ni mo bí àkọ́bí mi. Ó pé oṣù 10, kò lè dá jókòó. Mo gbé e lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì wo káàdì, ó wo ọmọ, ó pariwo lójú gbogbo ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì pé ọmọ mi ń yarọ, mi ò sì tètè gbé e wá! Wọ́n ní kí n lọ ṣe scan orí. Aago 6 àárọ̀ ni mo dé, aago 2 ọ̀sán ni wọ́n ní ẹni tó ń ṣe é ti lọ sípàdé. Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ bẹ́ẹ̀. Owó ọjà mi wọlé sí ọkọ̀. Ìyá ọkọ mi ní ká gbé e lọ sílé àdúrà. Mo sunkún títí omi ọyàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Ọkùnrin kan ní ẹ̀ka físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ló béèrè ohun tẹ́nìkan ò bi mí: ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ bí i? Ó ní kí n máa yọ ọ̀sẹ̀ 7 tó kù kí oyún pé ọ̀sẹ̀ 40 kúrò nínú ọjọ́ orí ẹ̀ títí á fi pé ọdún 2. Àṣé ọmọ oṣù 8 àti díẹ̀ ni mo gbé dání! Nínú ìwé WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ọmọ tí ara ẹ̀ dá lè kọjá oṣù 9 díẹ̀ kó tó dá jókòó, ó lè kọjá oṣù 13 kó tó rákò. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ rákò rárá, ìdí ni wọ́n fi ń wọ́ títí wọ́n á fi dìde. Nọ́ọ̀sì yẹn ò mọ ìyẹn?

Ìbéèrè kejì tí ọkùnrin físíò yẹn bi mí ló dùn mí: ibo lọmọ yìí máa ń wà látàárọ̀? Ẹ̀yìn mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́kà (àga onítáyà tí ọmọ ń jókòó sí, tó ń fẹsẹ̀ tì) tó bá dìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀dì lálẹ́. Ara ẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Ẹ má pọ̀n ọ́n kọjá wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́kà kì í kọ́ ọmọ ní ìrìn. Kánádà ti fòfin dè é láti 2004. Ọṣẹ ni mo ń kó sínú tèmi báyìí.

Eré ò le. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ ká ìró, ẹ fi sábẹ́ abíyá ẹ̀, kẹ́ ẹ̀yin náà dùbúlẹ̀ kójú yín kojú ẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kó máa pé ọgbọ̀n lójúmọ́. Agolo mílíìkì tẹ́ ẹ kó òkúta sí, tẹ́ ẹ dé pinpin, ẹ yí i síwájú díẹ̀ kọjá ibi tọ́wọ́ ẹ̀ tó. Dígí. Bòjúbòjú lẹ́yìn àga. Tó bá ti sùn, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi lélẹ̀ o, kì í ṣe àyà.

Ẹ tún má jẹ́ kí màmá kankan máa jù ú sókè nídìí ìwẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún bímọ, ẹ má kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ìkókó: ó lè fa jọ́ńdíìsì burúkú fọ́mọ tí G6PD ẹ̀ (èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) ò tó, jọ́ńdíìsì yẹn sì lè ba ọpọlọ jẹ́, ọmọ ò ní lè jókòó lóòótọ́.

Tára ẹ̀ bá rọ̀ bí aṣọ tútù, tó bá le bí igi, tó bá ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo, tàbí tó gbàgbé ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ lónìí, kódà tí wọ́n á pariwo mọ́ yín.

Oṣù 16 ni tèmi rìn. Ẹ sọ ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bí tiyín fún mi, ká jọ yọ ọ́.