Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí USB Kò Jẹ́ Kí CPU Sinmi

Ẹ kú iṣẹ́ o. Raspberry Pi 3 la fi ń gba ohùn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, USB headset la sì ń lò. Mo gbé kernel PREEMPT_RT (kernel Linux tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ kánjúkánjú pẹ́) sí i kí ohùn má baà máa pẹ́ dé. Wọ́n ní kí n fi dwc_otg.fiq_enable=0 àti dwc_otg.fiq_fsm_enable=0 sínú cmdline.txt (fáìlì tí a ń kọ àṣẹ fún kernel sí; dwc_otg ni dráífà USB Pi), torí láìsí wọn ńṣe ni ẹ̀rọ máa ń dúró gbagidi. Kò dúró mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ohùn ń já wẹ́wẹ́, lẹ́tà tí mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sì lè jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iye tó wà níwájú dwc_otg nínú /proc/interrupts (ibi tí Linux ti ń ka interrupt, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ̀rọ ké sí CPU) kò yéé gòkè, kódà nígbà tí n kò ṣe nǹkan kan. (Oníbéèrè, Abẹ́òkúta)

FIQ tí ẹ pa yẹn gan-an ló ń gbé ẹrù náà tẹ́lẹ̀.

Láti Pi àkọ́kọ́ títí dé Pi 3, controller USB tó wà nínú chip wọn jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Synopsys. EHCI (irú controller USB 2.0 mìíràn) máa ń ka ètò iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú mẹ́mọ́rì, èyí kò rí bẹ́ẹ̀: dráífà ló gbọ́dọ̀ máa sọ fún un pé ó yá, fi eléyìí ránṣẹ́ báyìí. USB high-speed sì pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí microframe 8000, microsecond 125 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí microframe kan bá ti bẹ̀rẹ̀, interrupt SOF (Start of Frame, àmì ìbẹ̀rẹ̀ náà) kan á wọlé. Hub tó wà lórí bọ́ọ̀dù Pi 3 ní endpoint (ojú ọ̀nà dátà) tirẹ̀ tí dráífà gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò lóòrèkóòrè, ìdí nìyẹn tí SOF kì í fi í dákẹ́ bí ẹ kò tilẹ̀ ki nǹkan kan bọ port.

Àwọn tó ń tọ́jú kernel Raspberry Pi ló gbé SOF àti split transaction (ọ̀nà tí a ń gbà bá ẹ̀rọ tó lọ́ra sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn hub high-speed) lọ sọ́dọ̀ FIQ, interrupt kíákíá tí ARM ní, èyí tí local_irq_disable (àṣẹ tí kernel fi ń dí interrupt lásán) kò lè dá dúró. FIQ ló ń gbọ́ ti gbogbo SOF, ìgbà tí iṣẹ́ gidi bá sì wà nìkan ló ń ké sí dráífà. Ní báyìí tí ẹ ti pa á, gbogbo 8000 náà ń lu dráífà ní tààràtà. Bí handler (kóòdù tó ń dá interrupt lóhùn) bá gba microsecond 10 péré nígbà kọ̀ọ̀kan, 80,000 microsecond ti lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìdá 8 nínú 100 agbára core kan, láìtíì ṣe iṣẹ́ kankan. Lórí PREEMPT_RT ó tún le sí i, torí handler ti di thread tí scheduler gbọ́dọ̀ máa jí.

Síbẹ̀, agbára CPU tó ń ṣòfò yẹn kọ́ ló ń já ohùn yín. Pípẹ́ ni. Full-speed (èyí tó lọ́ra ju high-speed) ni headset yín, ẹ̀yìn hub high-speed ló sì wà. Fún irú rẹ̀, dráífà á kọ́kọ́ fi start-split ránṣẹ́, lẹ́yìn microframe bíi mélòó kan á fi complete-split wá gba èsì. Bí complete-split bá pẹ́, hub ti da èsì náà nù, ohùn á sì já níbẹ̀. Ti kíbọ́ọ̀dù náà kò jìnnà sí èyí: ìròyìn pé ẹ ti gbé ìka kúrò ló pẹ́ dé, kernel sì rò pé ẹ ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná. Ẹ ṣe `grep dwc_otg /proc/interrupts; sleep 10; grep dwc_otg /proc/interrupts`, ẹ yọ iye àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, kí ẹ fi 10 pín in. Bó bá wà ní àyíká 8000, ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí kernel Raspberry Pi tí kò ní RT, kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn kúrò nínú cmdline.txt. Ìlà kan ṣoṣo ni fáìlì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ o. Bí ẹ bá tẹ Enter sí àárín rẹ̀, kernel kò ní rí ohun tó kù. Lórí Raspberry Pi OS Bookworm, /boot/firmware ló wà. Bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ padà, `dmesg | grep FIQ` yẹ kó fi «FIQ enabled» àti «FIQ split-transaction FSM enabled» hàn.

Bó bá jẹ́ dandan ni RT, ẹ fi USB sílẹ̀ fún ohùn, kí ẹ ra káàdì ohùn I2S (ọ̀nà ohùn tí kò gba USB) tó ń jókòó sórí pin GPIO. Tàbí kí ẹ gba Pi 4: port USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ wà lórí chip VL805, xHCI (irú controller USB tuntun) ni, kò sí dwc_otg nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn kan á ní kí ẹ lo dwc_otg.speed=1. Yóò sọ SOF di 1000 lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo USB á di megabit 12, Ethernet Pi 3 náà á sì bá a lọ torí inú USB kan náà ló ń gbà. Àwa ò ní ṣe é.

Laptop mi kọ «irq 16: nobody cared», ó tún kọ «Disabling IRQ #16». Látìgbà náà ni USB ti ń wọ́. Ṣé kí n fi irqpoll sí i bó ṣe ní kí n ṣe? (Oníbéèrè, Ìlọrin)

Irqpoll (àṣẹ tó ń mú kí kernel máa bi gbogbo dráífà bóyá tiwọn ni interrupt náà) á jẹ́ kí ẹ rí iṣẹ́ ṣe lónìí, àìsàn náà á sì wà níbẹ̀. Nínú interrupt 100,000, bí ó bá lé ní 99,900 tí dráífà kankan kò jẹ́wọ́ pé tòun ni, Linux á ti ìlà yẹn pa. Ẹ wo ìlà 16 nínú /proc/interrupts, ẹ ó rí orúkọ gbogbo dráífà tó ń pín in lò. Ẹ tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, fún àpẹẹrẹ `echo 0000:00:1a.0 > /sys/bus/pci/drivers/ehci-pci/unbind` gẹ́gẹ́ bíi root, pẹ̀lú nọ́ńbà tí lspci fún yín. Kíbọ́ọ̀dù USB lè kú lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ gba SSH wọlé. Bí iye náà bá ṣì ń fò sókè lẹ́yìn tí ẹ tú EHCI sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíì ló ń kígbe, ẹ má bá USB jà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mò ń kọ dráífà xHCI fún OS tèmi. Bí mo bá ń ka flash, interrupt máa ń bò mí mọ́lẹ̀. (Oníbéèrè, Àkúrẹ́)

Ó jọ pé gbogbo TRB (àṣẹ kékeré tí o ń kọ sínú mẹ́mọ́rì fún controller) lo fi IOC (Interrupt On Completion, «ké sí mi bó bá parí») sí. Bí o bá ń ka kílóbáìtì 256, tí TRB kọ̀ọ̀kan mú 4, TRB 64 nìyẹn. Fi chain bit so wọ́n pọ̀, kí IOC wà lórí ti ìkẹyìn nìkan, 64 á di 1. Ti IN (kíkà wọlé), fi ISP (Interrupt on Short Packet) sí àwọn tó ṣáájú kí short packet (dátà tó kéré sí iye tí o béèrè) má baà kọjá lọ láìjẹ́ kí o mọ̀. Àmọ́ múra sílẹ̀ fún event (ìròyìn èsì) méjì lórí TD (àwọn TRB tí a so pọ̀) kan, ọ̀kan láti ọwọ́ ISP, ọ̀kan láti ọwọ́ IOC.

Nínú handler, nu EINT (àmì pé interrupt wà) ní register USBSTS kí o tó nu IP (Interrupt Pending) ní register IMAN. Méjèèjì, 1 lo máa kọ sí i kó tó nù, kì í ṣe 0. Ka event ring (ibi tí controller ń kọ event sí) títí cycle bit (àmì pé event tuntun ni) á fi yàtọ̀ sí tìrẹ, kí o wá kọ ERDP (ibi tí o kà dé) lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú EHB (Event Handler Busy). Ọ̀pọ̀ ló ń ka event kan, tó ń jáde, tó tún ń padà wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan IMODI, àlàfo tó kéré jù láàárín interrupt méjì. Nanosecond 250 ni ẹyọ rẹ̀, 4000 ló sì máa ń wà níbẹ̀ látilẹ̀, ìyẹn millisecond 1. Linux ń lo 160, tó jẹ́ microsecond 40, interrupt kò sì lè kọjá 25,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún flash, 4000 lè mú kí command kéékèèké máa dúró de ara wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti 160, kí o máa wọ̀n ọ́n bí o ṣe ń gbé e sókè.

Fún isochronous (dátà bí ohùn tó gbọ́dọ̀ dé lásìkò) tó ní IOC lórí gbogbo TD, fi BEI (Block Event Interrupt, tí kì í jẹ́ kí event ké sí CPU) sí méje nínú mẹ́jọ. Má fi sí gbogbo wọn: event á máa wọlé láìsí ẹni tó ń ké sí ọ, ring á kún, controller á sì fi Event Ring Full Error dá ọ lóhùn.